Omi Ọyẹ́

Jẹ́bà ni bàbá tó bí ìyá mi gbé títí wọ́n fi kú. Bàbá Jẹ́bà la máa ń pè wọ́n nílé wa, ìyàwó wọn sì ni Ìyá Jẹ́bà. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá tiwọn débẹ̀, ìdílé náà ò sì padà sílé mọ́. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mo lọ lo họlidé lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan a jókòó sétí Odò Ọya, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ odò yìí rárá. Kí wọ́n tó fi dáàmù dè é, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń kún lọ́dún. Á kọ́kọ́ kún nígbà òjò, omi ẹlẹ́rẹ̀, tí o ò lè rí ọwọ́ ara rẹ nínú ẹ̀. Á fà. Nígbà tó bá di inú ọyẹ́, á tún kún, omi tó mọ́ gaara. Omi ọyẹ́ la máa ń pè é."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi wí. Ta ni ò mọ̀ pé òjò ló ń mú odò kún? Nínú ọyẹ́ tí ètè ń là, tí kànga ń gbẹ, tí ewé ń wó, níbo lomi tó fẹ́ kún odò á ti wá? Mo ní, "Bàbá, ó jọ pé ẹ ti gbàgbé ni. Bóyá oṣù kẹsàn-án lẹ̀ ń sọ." Wọn ò bínú. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa, akọ̀wé," wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí ẹja.

Ọdún tí mo wọ yunifásítì ni Bàbá Jẹ́bà kú. Ọdún kejì ni mo tó rí i nínú ìwé kan ní láíbìrì, nígbà tí mo ń wá nǹkan mìíràn kiri, pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Àwọn onímọ̀ odò tiẹ̀ ti fún un lórúkọ: wọ́n ń pe ti àkókò òjò ní ìkún omi funfun, wọ́n ń pe ti inú ọyẹ́ ní ìkún omi dúdú. Ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọ ipa omi yẹn kiri nínú ìwé, kí n lè mọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ohun tójú ẹ̀ ń rí lọ́nà. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Kì í ṣe ìwé ìdánwò o, kò sẹ́ni tó máa bù ú ní máàkì.

Orí òkè ní ilẹ̀ Gínì, nítòsí ààlà Sàró, ni Odò Ọya ti ń ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ sí Òkun Àtìláńtíìkì kò ju bíi 240 kìlómítà lọ. Odò tó bá ní làákàyè, òkun ló yẹ kó kọjú sí. Ọya kọ̀. Ó kẹ̀yìn sí òkun, ó dorí kọ apá àríwá òun ìlà-oòrùn, ó wọ ilẹ̀ Málì, ó ń lọ tààrà sínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìgbà tó dé itòsí Timbuktu tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ilé: ó yíjú, ó gba Gao kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ gba orílẹ̀-èdè Niger, ó fara kan Bẹ̀nẹ̀ (ìyẹn Benin Republic), ó wá wọ ilẹ̀ wa. Ìrìn tó tó 4,180 kìlómítà ló fi pààrọ̀ 240. Ẹ wò ó bí ẹni tó wà ní Ìbàdàn, tó fẹ́ lọ sí Èkó, tó wá gba Màídúgùrì yípo, tó tún gba Kàlàbá kọjá, kó tó dé Ọjọ́ta. Wèrè la máa pe onítọ̀hún. Àmọ́ wèrè odò yìí ló ń bọ́ àìmọye èèyàn.

Orúkọ ẹ̀ pọ̀ bí ìlú tó ń gbà kọjá. Àwọn Bambara ń pè é ní Joliba. Àwọn Songhay ń pè é ní Isa Ber, ìyẹn odò ńlá. Àwọn Tápà, aládùúgbò Bàbá Jẹ́bà, ń pè é ní Edu. Àwa ní Ọya. Ẹni tó bá sì mọ irú obìnrin tí Ọya jẹ́, kò ní yà á lẹ́nu pé odò tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ kì í gba ọ̀nà tí wọ́n bá ní kó gbà.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ omi ọyẹ́ wà nìyí. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, òjò máa ń rọ̀ gan-an lórí òkè Gínì. Omi yẹn á ṣàn wọ Málì. Lẹ́yìn Ségou, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí àwo. Odò náà á pín sí ẹ̀ka jáǹtìrẹrẹ, omi á kúrò lójú ọ̀nà, á tàn kálẹ̀ sórí pápá, á di adágún, á di àbàtà. Lọ́dún tí òjò bá dáa, ilẹ̀ tí omi ń bò níbẹ̀ máa ń lé ní 20,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ kó ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Èkó pọ̀, wọn ò tó o. Inú ilẹ̀ gbígbẹ sì lèyí ń ṣẹlẹ̀ o! Òjò tó ń rọ̀ ní Timbuktu lọ́dún kan gbáko, ìwọ̀n ẹ̀ kì í tó 250 mìlímítà. Òjò oṣù kan ṣoṣo ní Èkó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi náà kì í kánjú níbẹ̀. Oòrùn á mu lára ẹ̀, tó fi jẹ́ pé láti ìdá mẹ́ta títí dé ìdajì ẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹrẹ̀ inú ẹ̀ á rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí pápá. Ìgbà tó bá fi máa jáde lápá kejì, ó ti mọ́. Ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ló máa ń kún jù ní Mopti, á dé Timbuktu ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù kìíní, á gba Gao àti Niamey kọjá, nígbà tó bá sì di nǹkan bí oṣù kejì, inú ọyẹ́ gan-an, ó dé Jẹ́bà. Òjò tó rọ̀ ní Gínì nígbà tí ọmọléèwé ṣì wà ní họlidé ńlá ni Bàbá Jẹ́bà ń rí lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ kún, ti òjò tiwa níhìn-ín àti ti ìhà Sókótó nìyẹn, kò rìn jìnnà, kò ráyè da ẹrẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Abájọ tí ọ̀kan fi dọ̀tí tí èkejì fi mọ́.

Àwọn tó ń gbé lórí pápá olómi yẹn kò fi omi náà ṣeré. Ìrẹsì kan wà tó jẹ́ ti Áfíríkà fúnra wa, kì í ṣe èyí tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Ẹkùn yẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ó sì ti lé ní 2,000 ọdún. Nígbà tí Roderick àti Susan McIntosh wa ilẹ̀ ìlú àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Jenné-jeno ní 1977, wọ́n rí ìrẹsì yẹn níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí 250 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí àwọn òpìtàn máa ń sọ ni pé àwọn Lárúbáwá oníṣòwò ló mú ìlú ńlá wá sí agbègbè náà. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ló já wọn nírọ́. Odò ló bọ́ ìlú yẹn, kì í ṣe ràkúnmí.

Ìrẹsì yẹn tún ní ọgbọ́n inú. Wọ́n á gbìn ín kí omi tó dé, nígbà òjò kékeré tí wọ́n ń rí. Bí omi bá ti ń gòkè, ìrẹsì náà á máa ga bá a lọ, á máa léfòó, orí ẹ̀ kì í rì. Àmọ́ bí omi bá tètè dé jù, kí ìrẹsì tó dàgbà, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bí ó bá pẹ́ jù, oòrùn á pa á. Bí omi náà bá yára gòkè ju bí igi ìrẹsì ṣe lè ga lọ, ó rì. Gbogbo iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún kan rọ̀ mọ́ ìrìn ẹsẹ̀ odò.

Àwọn Bozo, apẹja ni wọ́n, wọ́n sì ní àgbààgbà tó ń ṣe olórí omi, tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n lè ju àwọ̀n sínú adágún kan àti ọjọ́ tí wọn ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Àwọn Fúlàní ń dúró de ìgbà tí omi bá fà, nítorí koríko kan tí wọ́n ń pè ní burgu máa ń hù nínú omi, màlúù fẹ́ràn ẹ̀ ju nǹkan mìíràn lọ. Apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń lò, kálukú pẹ̀lú oṣù tiẹ̀. Nígbà tí Sekou Amadou gba ìjọba Masina ní 1818, tó kọ́ olú-ìlú ẹ̀ sí Hamdallahi, ó ṣètò ọ̀nà màlúù àti ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ pápá, ẹni tó máa tẹ̀lé e. Ayẹyẹ sísọdá odò ní Diafarabé, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù ti ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá tí àwọn ọmọge ń wòran darandaran wọn, ṣì wà títí dòní, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ní 2005. Tí mo bá ronú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran lórílẹ̀-èdè wa níbí, mo máa ń bi ara mi pé ṣé a ò lè ní kàlẹ́ńdà tiwa ni.

Kí n má tan yín, kì í ṣe ọ̀run rere. Ẹrú ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ oko ìrẹsì yẹn. Àwọn Askia tó jọba Songhay láti 1493 ní oko ìrẹsì rẹpẹtẹ létí odò, ẹrú ló ń ro ó. Lábẹ́ Sekou Amadou náà, ẹrú wà lóko. Sonni Ali tó ṣáájú àwọn Askia, tó fi ọkọ̀ ojú omi jagun títí tó fi gba Timbuktu ní 1468, ní èrò kan lọ́kàn tó ya mí lẹ́nu: ó fẹ́ gbẹ́ ojú odò láti apá Timbuktu wọ inú aṣálẹ̀ lọ sí Walata, kó lè gbé ọkọ̀ ogun ẹ̀ débẹ̀. Ogun àwọn Mossi ni kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹni àkọ́kọ́ kọ́ lẹ máa rí tó fẹ́ fi agbára mú odò yìí lọ síbi tí kò bá lọ.

Àwọn òyìnbó dé. Wọ́n ti ń jiyàn tipẹ́ lórí ibi tí odò náà ń ṣàn lọ. Mungo Park rí i ní Ségou ní July 1796, ó jẹ́rìí pé ìhà ìlà-oòrùn ló ń ṣàn sí. Ó padà wá, ó sì kú ní Bùsà nílẹ̀ Ìbàrìbá ní 1806. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò ẹ̀ John gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n gba Ọ̀yọ́ Ilé kọjá dé Bùsà, wọ́n wá wọkọ̀ ojú omi lọ dé òkun. Ìwé ìtàn tí a kà ní sẹ́kọ́ńdírì ní wọ́n "ṣàwárí" ẹnu odò náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé àwọn tó ń gbé ẹnu odò yẹn ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni Markala, kò jìnnà sí Ségou. Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí títí mo fi wọ inú ìwádìí yìí.

Àwọn Faransé ní ilé iṣẹ́ aṣọ nílé wọn, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì ti ń ra òwú. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Émile Bélime wá sọ fún wọn pé òun lè sọ ilẹ̀ gbígbẹ Málì (French Soudan ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn) di oko òwú bíi ti Íjíbítì. Ó ti rí i pé àwọn ojú odò àtijọ́ wà lápá òsì odò náà, tí Ọya ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ti gbẹ. Bí wọ́n bá fi dáàmù gbé ojú omi sókè, omi á padà sínú àwọn ojú odò gbígbẹ yẹn fúnra ẹ̀, láìlo ẹ̀rọ kankan. Kí n má purọ́, ọgbọ́n ńlá ni. Ní 1932 wọ́n dá Office du Niger sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ètò pé láàárín 50 ọdún, àwọn máa ro 960,000 hẹ́kítà: 510,000 fún òwú, 450,000 fún ìrẹsì.

Ta ló máa wá ṣiṣẹ́ ẹ̀? Láti 1926 ni òfin kan ti wà níbẹ̀. Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún iṣẹ́ sójà. Àwọn tí wọ́n bá mú ń lọ sójà. Àwọn tí wọn ò mú, dípò kí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n sọ wọ́n di "apá kejì", wọ́n kó wọn lọ síbi iṣẹ́ bíi sójà, láìsí ìbọn. Ṣọ́bìrì ni ìbọn tiwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù Markala ní 1934, wọ́n parí ẹ̀ ní 1947. Ọdún mẹ́tàlá gbáko. Ọwọ́ àwọn tí wọn ò bi pé ṣé wọ́n fẹ́ ló kọ́ ọ. Ìgbà tó di 1946 ni ilé aṣòfin ní Paris tó fòfin de iṣẹ́ àfipáṣe, lẹ́yìn tí Houphouët-Boigny gbé àbá ẹ̀ wá.

Wọ́n tún nílò àgbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ léèyàn, nítorí náà wọ́n lọ kó àwọn ará ibòmíràn wá, pàápàá àwọn Mossi láti ilẹ̀ tó wá di Burkina Faso. Àwọn kan gba ìlérí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n fipá mú. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kò ní ilẹ̀ kankan, àyálò ni. Wọ́n á sọ ohun tó máa gbìn fún un, wọ́n á bù ú ní owó omi, wọ́n á tún bá a ra ohun tó bá kórè ní iye tí wọ́n bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ sá lọ. Òwú náà ò sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Nígbà tí Málì gba òmìnira ní 1960, ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kò tó 60,000 hẹ́kítà nínú 960,000 tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Mo rò pé òmìnira ló máa parí ìtàn náà. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Ní 1970 wọ́n fi òwú sílẹ̀, ìrẹsì ló kù. Àmọ́ ìjọba aláwọ̀ dúdú ló wá ń sọ pé àgbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ta ìrẹsì ẹ̀ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Office. Wọ́n ní ọlọ́pàá àkànṣe tó ń tú ilé àti ẹrù wò, láti rí i bóyá àgbẹ̀ ń gbé ìrẹsì tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn jáde lóru. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe Faransé mọ́! Kánààlì ń bàjẹ́, koríko ń bò ó, hẹ́kítà kan ò fi bẹ́ẹ̀ mú ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì lọ. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó tú ọlọ́pàá yẹn ká, wọ́n jẹ́ kí àgbẹ̀ ta ohun ìní ẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún kánààlì ṣe. Kò pẹ́ tí ìkórè fi lọ sókè, ó dé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún ní hẹ́kítà kan. Odò kan náà, dáàmù kan náà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá náà ló ń ro ó. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kó wá wí.

Ọ̀dá tún dé láàárín èyí. Ti 1972 sí 1973 le, ti 1983 sí 1984 tún burú jù ú lọ. Pápá olómi tó máa ń lé ní 20,000 kìlómítà kò tó 10,000 mọ́ ní 1984. Màlúù kú rẹpẹtẹ. Ní 1985, odò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́ ní Niamey, odò tí orílẹ̀-èdè méjì jogún orúkọ ẹ̀.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé omi tí wọ́n bá bù lókè, ó ti dín kù nísàlẹ̀ nìyẹn. Sélingué wà ní Málì láti 1982. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ìdá ńlá nínú omi tó bá dé Markala ló ń gba inú kánààlì lọ. Ní 2008, ìjọba Málì gbé 100,000 hẹ́kítà fún ilé iṣẹ́ Malibya, ti ìjọba Gaddafi ní Líbíà, wọ́n sì gbẹ́ kánààlì tó gùn tó 40 kìlómítà kí wọ́n tó pa Gaddafi ní 2011 tí iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà kánààlì yẹn, ilẹ̀ wọn ló lọ. Láti 2012 sì ni ogun ti wà nílùú. Ní October 2020, àwọn agbébọn ká àwọn ará Farabougou mọ́lé, ní agbègbè Office du Niger, wọn ò jẹ́ kí wọ́n lọ sóko ìrẹsì wọn nígbà ìkórè. Omi wà nínú kánààlì, ìrẹsì gbó lóko, ebi ń pa onírẹsì.

Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú àjọ tó ń bójú tó odò yìí, Niamey ni olú ilé iṣẹ́ wọn, 1980 ni wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́. Nàìjíríà wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá la sì jókòó sí. Ó máa ń wu àwa ará ìsàlẹ̀ láti nàka sí ará òkè. Àmọ́ àwa náà ńkọ́? Dáàmù Kàǹjì tí a parí ní 1968 ló bo Bùsà mọ́lẹ̀, àní ibi tí Mungo Park ti kú gan-an. Nǹkan bí 44,000 èèyàn ni wọ́n kó kúrò nílé bàbá wọn. Adágún Kàǹjì ló sì wá gbé omi ọyẹ́ mì. Bí omi dúdú bá dé láti Málì, ibẹ̀ ni wọ́n ń dá a dúró sí, wọ́n á máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ láti fi ṣe iná mànàmáná. Ní 1984, dáàmù Jẹ́bà tún bọ́ sí i. A ń ta lára iná náà fún orílẹ̀-èdè Niger láti ọdún gbọọrọ, àmọ́ nígbà tí sójà gbàjọba ní Niamey ní July 2023, a gé e. Àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù tiwọn sí Kandadji kó tó dìgbà yẹn. Bí àwọn náà bá dá omi dúró, kí la fẹ́ sọ fún wọn?

Iná tí mo fi ń kọ èyí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n bá mú un wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ọyẹ́ Bàbá Jẹ́bà wà nínú ẹ̀.

Mo lọ sí Jẹ́bà nínú ọyẹ́ tó kọjá. Mo dúró sétí odò níbi tí èmi àti Bàbá jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ní ọ̀gangan afárá rélùwéè. Omi náà ò kún, kò sì fà. Apẹja Tápà kan tó ń tún àwọ̀n ẹ̀ ṣe sọ fún mi pé àwọn ò mọ ìgbà tó máa gòkè mọ́, pé àwọn tó wà ní dáàmù ló mọ̀ ọ́n. Ó lè gòkè láàárọ̀ kó fà nírọ̀lẹ́. Mo bi í pé ṣé ó mọ omi ọyẹ́. Ó ní bàbá òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Jẹ́bà, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, Gínì, Mopti, Markala, bí omi ṣe ń rin ìrìn oṣù mẹ́fà, àti pé òótọ́ ni Bàbá sọ, èmi ni mo jiyàn. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Wọ́n ní, "Ó sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní akọ̀wé òun ní oṣù kẹsàn-án ni. Ó rẹ́rìn-ín títí."

Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.